Ẹ Fi Ìka Kan Gògóńgò Yín

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbé lẹ́tà tó fẹ́ mú lọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, wá fún mi, pé kí n bá òun wò ó. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi ìlà tó gbẹ̀yìn: “Kindly advice me.” “Advise” ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ojú tì í. Mo sọ fún un pé kì í ṣe àìmọ̀wé, etí ni.

Ohùn la fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní Yorùbá. Bí èèyàn bá ní òun ń wá ọkọ̀ lọ sí Òǹdó, kò sẹ́ni tó máa fún un ní ọkọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọ̀nà yẹn. Ó ní ìró tí àwa kò ní: kò sí z, kò sí v nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Bí a bá pe “price”, iye owó ọjà, àti “prize”, ẹ̀bùn ẹni tó borí, ìró kan náà ló ń ti ẹnu ọ̀pọ̀ wa jáde. Èyí tí etí kò bá yà, ọwọ́ kò ní mọ̀ ọ́n yà.

Ẹ fi ìka méjì kan gògóńgò yín. Ẹ pe s, kẹ́ ẹ fà á gùn. Gògóńgò á dákẹ́. Ẹ wá jẹ́ kó kùn bí oyin, ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n: z nìyẹn. Bí f àti v ṣe rí náà nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé gbígbọ̀n yìí sábà máa ń fi iṣẹ́ ọ̀rọ̀ hàn. “Advice” kì í gbọ̀n: ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ìmọ̀ràn. “Advise” ń gbọ̀n: ọ̀rọ̀ ìṣe ni, kéèyàn gbani nímọ̀ràn. “Belief” ni ìgbàgbọ́, “believe” ni kéèyàn gbà gbọ́. “Proof” àti “prove” náà ńkọ́? Ẹ gbé ìka padà sọ́fun, ẹ dán an wò. “Lose”, kí nǹkan sọnù mọ́ni lọ́wọ́, ń gbọ̀n. “Loose”, ohun tó dẹ̀, kì í gbọ̀n.

Àwọn kan wà tí ọ̀fun kò lè yà, torí àwọn Òyìnbó fúnra wọn ń pè wọ́n bákan náà. “Stationary” ni ohun tó dúró sójú kan, “stationery” ni ìwé, bíró àti irú wọn. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń ta ìwé lójú kan, tí kì í kiri, bí àwọn tó ní ìsọ̀ ní Ọjà Ọba wa níbí, ni wọ́n ń pè ní “stationer”. Ọjà tó ń tà ni “stationery”. Ara orúkọ rẹ̀ ni e yẹn ti wá.