Ìdúró Ráńpẹ́ Kí Abẹ Tó Kan Ara

Nínú tíátà, kí abẹ tó kan ara aláìsàn, gbogbo ọwọ́ á dúró. Nọ́ọ̀sì tó mú ìwé àyẹ̀wò dání, ìyẹn ìwé tí wọ́n to ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sí, á gbóhùn sókè, kálukú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó bá wá: dókítà oníṣẹ́ abẹ, dókítà tó fi oògùn kun aláìsàn lóorun, nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́ sí wọn, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ tó fara ti ògiri. Lójú ẹni tí kò mọdí ẹ̀, àsìkò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ṣebí ilé ìwòsàn kan náà ni gbogbo wọn ti ń gbowó oṣù?

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó pàdé nínú tíátà láàárọ̀ yìí lè má tíì bá ara wọn ṣiṣẹ́ rí. Nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ ṣíìfù, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ń ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo wọn sì ti wọ ìbòmú, ẹyinjú nìkan ló hàn. Ẹni tí a kò mọ orúkọ ẹ̀, "ìwọ yẹn" là ń pè é. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń ya, èèyàn mẹ́ta lè gbọ́ "ìwọ yẹn" kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì gbẹ́sẹ̀.

Ìdárúkọ yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tí kò hàn sójú: ó ń la ẹnu ẹni tó kéré jù níbẹ̀. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan létí ọ̀gá, tí ohunkóhun ò sì ṣe é, á rọrùn fún un láti sọ lẹ́ẹ̀kejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n kọ síbí o."

Ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú ni púpọ̀ nínú ọgbọ́n yìí ti wá, ojú wọn sì ti rí màbo kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ní pápákọ̀ òfuurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife, kùrukùru bolẹ̀ débi pé ọkọ̀ Boeing 747 méjì tó wà lójú ọ̀nà kan náà kò rí ara wọn. Ọ̀gá awakọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ògbóǹtarìgì tó ń kọ́ awakọ̀ mìíràn níṣẹ́, ti ń sáré láti gbéra. Ẹ́ńjíníà tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò lọ́nà ni. Ọ̀gá fi ìdánilójú dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ẹ́ńjíníà kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Èèyàn 583 ló kú. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ohùn ọ̀gá ti ń pa ọmọṣẹ́ lẹ́nu mọ́.

Ọdún 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò tíátà jáde. Atul Gawande, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Boston, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ojú ìwé kan péré ni, nǹkan 19 ló wà nínú ẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sì ń dúró kà á. Ti àkọ́kọ́ ni kí oorun tó gbé aláìsàn lọ: ta ni, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ṣé wọ́n ti sàmì sí ibi tí wọ́n máa là, oògùn wo ni ara rẹ̀ kì í gbà. Ti ìdárúkọ ló tẹ̀ lé e, òun ló sì lọ́ràá jù, torí ibẹ̀ ni ohun tó wà nínú orí ẹnì kan ti ń di ti gbogbo wọn. Oníṣẹ́ abẹ á sọ bí iṣẹ́ ṣe máa pẹ́ tó àti bí ẹ̀jẹ̀ tó lè dà ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tọ́jú ò tó, àsìkò yẹn ló máa wí. Nígbà kẹta, kí wọ́n tó gbé aláìsàn jáde, nọ́ọ̀sì á ka iye abẹ́rẹ́, irinṣẹ́ àti òwú ìnuẹ̀jẹ̀ sókè. Bí òwú mẹ́wàá bá wọlé tí mẹ́sàn-án jáde, wọ́n á wá a dé inú garawa ìdọ̀tí. Bí wọn ò bá rí i níbẹ̀, inú aláìsàn ló kàn.

Wọ́n dán an wò nílé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Èsì tó jáde ní 2009 fi hàn pé ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ já wálẹ̀ láti 1.5 nínú 100 sí 0.8. Àmọ́ nígbà tí ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà sọ ọ́ di dandan, èsì ilé ìwòsàn 101 tó jáde ní 2014 kò fi ìyàtọ̀ gidi kan hàn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí ẹ̀. Ohun kan ṣá dájú: ìwé tí wọ́n ti fàlà sí tán kí aláìsàn tó wọlé, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tí àwọn èèyàn kì í kà sí: irinṣẹ́ wo ló dá wàhálà sílẹ̀ lónìí? Òun ló so tíátà mọ́ àwọn tó ń ṣàtúnṣe ẹ̀rọ, tí wọn kì í wọ ibẹ̀ rárá. Bí iná orí tábìlì tó ń ṣẹ́jú lónìí bá ṣì ń ṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́. Á kàn fàlà síbẹ̀, á sì ti ìwé náà bọ fáìlì.