Ta ló kọ orin yẹn gan-an?

Orin tuntun kan á jáde láàárọ̀, kó tó dalẹ́ àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Èyí á ní ọmọ yẹn ló lorin ẹ̀, tọ̀hún á ní irọ́ ni, inú kásẹ́ẹ̀tì màámi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ohun tó sì máa ń jẹ́ kó lọ́jú pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni ọ̀rọ̀ "kọ" yẹn fúnra ẹ̀. Ẹni tó fi ohùn kọrin, a ní ó kọ ọ́, ẹni tó jókòó tó fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà a ní ó kọ ọ́. Nídìí iṣẹ́ orin ṣá o, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn méjèèjì, ọ̀nà tówó wọn ń gbà wọlé náà ò papọ̀.

Ohun ìní méjì ló wà nínú orin kan. Orin fúnra ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀, tàwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n wá gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, ọ̀tọ̀ ni olówó tiẹ̀. Kéèyàn mú orin tẹ́nì kan ti gbé jáde rí, kó lọ fi ohùn tiẹ̀ gbà á sílẹ̀ lákọ̀tun, kọ́fà nìyẹn. Àmọ́ tó bá gé díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀, sáńpù nìyẹn, bí Burna Boy ṣe mú He Wasn't Man Enough tí Toni Braxton gbé jáde ní 2000 sínú Last Last ní 2022, tọ̀rọ̀ tó ń sọ nínú ẹ̀ sì jẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sáńpù gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́nà méjèèjì, lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ àti lọ́dọ̀ ẹni tó ni èyí tí wọ́n gbà ní sítúdíò.

Béèyàn ṣe ń yẹ orin wò bóyá kọ́fà ni ò le. Lórí Spotify, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin, ẹ wá credits, orúkọ àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ á jáde. Ẹ wá fi orúkọ wọ̀nyẹn wá ọdún tí orin ọ̀hún kọ́kọ́ jáde. Ẹ mú Torn bí àpẹẹrẹ. Natalie Imbruglia ará Ọsirélíà ló gbé e jáde ní 1997, ọ̀pọ̀ èèyàn títí dòní ló gbà pé tiẹ̀ ni. Orúkọ tó wà nídìí ẹ̀ ni Scott Cutler, Anne Preven àti Phil Thornalley, kò sí Natalie níbẹ̀ rárá. Cutler àti Preven wà nínú ẹgbẹ́ Ednaswap tó gbé orin yìí jáde ní 1995, ẹ ò wá rí i, ṣáájú àwọn gan-an, Lis Sørensen, olórin ará Denmark, ti gbé e jáde lédè Denmark ní 1993, Brændt ló pè é. Àní àwọn tó fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì ló ṣáájú wọn gbé e jáde!

Ẹ má kàn torí pé ẹ ò rí orúkọ olórin níbẹ̀ kẹ́ ẹ ní kọ́fà ni o. Max Martin ará Sweden ló kọ …Baby One More Time sílẹ̀, wọ́n fún TLC, ẹgbẹ́ olórin obìnrin kan, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, ló bá bọ́ sọ́wọ́ Britney Spears ní 1998. Kò sẹ́ni tó gbé e jáde ṣáájú ẹ̀, nítorí náà òun ló ni àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde lẹ máa wò.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1909 lòfin ti sọ pé tí orin bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni lè tún un gbà sílẹ̀ láì bẹ ẹni tó kọ ọ́, kó ṣáà ti san iye tíjọba là kalẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, sẹ́ǹtì 2 ni nígbà yẹn. Ó lè yí bíìtì ẹ̀ kó bá ohùn ẹ̀ mu, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ba ìpìlẹ̀ orin ọ̀hún jẹ́. Téèyàn bá wá fi ọ̀rọ̀ míì sí i, ó ti kúrò ní kọ́fà lásán, àṣẹ ọ̀tọ̀ nìyẹn ń fẹ́. Orin Sade tí Adekunle Gold kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yẹn, orí Story of My Life tí One Direction gbé jáde ní 2013 ló gbé e lé, àmọ́ ọ̀rọ̀ Sade tó kọ̀ ọ́ ló fi sínú ẹ̀. Àwọn kan ń pe ìyẹn náà ní kọ́fà, kò yẹ kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ni jù ni Fast Car. Tracy Chapman nìkan ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé e jáde ní 1988. Ní 2023 Luke Combs, olórin country, tún un kọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀, débi pé níbi tí Tracy ti ní ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù lòun, bí Luke náà ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ọkùnrin onírùngbọ̀n tòun ti irùngbọ̀n ẹ̀. Owó ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ wá ń wọlé fún Tracy, òun náà ni wọ́n fún ní CMA, àmì ẹ̀yẹ orin country, ti orin tó dára jù lọ́dún yẹn, ọdún 35 lẹ́yìn tó gbé e jáde. Ní February 2024, àwọn méjèèjì jọ dúró níbi Grammy, Tracy ló ta gìtá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò tíì la ẹnu tí gbogbo gbọ̀ngàn fi pariwo.