Ohun tí ojú irin ń rí kí ọ̀dà tó mú un

Bí ọ̀dà ara ilẹ̀kùn irin tàbí ti fìríìjì bá ń bó, ọ̀dà ni gbogbo èèyàn ń bú. Wọ́n á ní ayédèrú ni, tàbí kí wọ́n ní ẹni tó kùn ún kò mọṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Omi tí wọ́n fi fọ irin náà ló lẹ́bi, tàbí afẹ́fẹ́ yàrá tí wọ́n ti fín in, tàbí ófùn tí kò jẹ́ kó jinná. Ẹni tó bá wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kun irin lọ́pọ̀ yanturu á rí i pé ìbọn ọ̀dà kò tó nǹkan níbẹ̀. Táǹkì, pọ́ǹpù, fáànù, asẹ́ àti bọ́nà ló gba gbogbo ilẹ̀.

Ara ẹ̀wọ̀n kan tó ń rìn lókè ni wọ́n ń fi irin kọ́, òun ló ń gbé e láti ìdí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó pọ̀, epo ti bò ó lára, kódà bí ojú kò bá rí i. Ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ epo. Omi gbígbóná tí wọ́n po èròjà oní-sódà mọ́ ni wọ́n fi ń bó epo náà, ní nǹkan bí 50 sí 60°C. Ẹnu páìpù kéékèèké á máa tu ú sí irin lára lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó bá ti dógùn-ún, sódà kò ràn án. Hóró irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ alágbára fọ́n lù ú títí ojú rẹ̀ á fi mọ́ fefe.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà mọ̀ bóyá irin mọ́, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Da omi tó mọ́ sí i lára, kí o sì máa wò ó. Bí epo ti tán lára rẹ̀, omi á tẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀ bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ya níbì kankan. Bí epo bá kù síbì kan, omi á sá fún ibẹ̀, á ká jọ ní kóró-kóró bí omi orí ewé kókò. Ibi tó ti ká jọ yẹn gan-an ni ọ̀dà á ti bó lọ́jọ́ iwájú. Àyẹ̀wò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ nìyí, ó sì yẹ kí wọ́n máa ṣe é ní gbogbo àárọ̀ kí ẹ̀wọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Omi tí wọ́n po fọ́sífétì mọ́ ló tẹ̀ lé e. Ásíìdì díẹ̀ wà nínú omi yìí tó ń jẹ ojú irin fẹ́rẹ́, tó wá ń fi èèpo tíńtín kan bò ó. Ara èèpo náà rí ṣákaṣàka, ọ̀dà sì ń ráyè dì í mú. Bí nǹkan bá ha ọ̀dà kan irin, èèpo yìí ni kò ní jẹ́ kó tètè máa dógùn-ún lọ lábẹ́ ọ̀dà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń fi èròjà zirconium, irú irin kan, rọ́pò fọ́sífétì, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kéré, omi rẹ̀ kò sì nílò iná.

Láàárín táǹkì kan sí èkejì, wọ́n á fi omi ṣan irin náà. Ibí yìí ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Táǹkì ìṣàn tó kẹ́yìn ni wọ́n ń da omi tuntun sí, á wá máa ṣàn padà lọ bá èyí tó wà níwájú rẹ̀. Irin ń bọ̀, omi ń lọ pàdé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi tó mọ́ jù ṣe ń kan irin gbẹ̀yìn, tí omi kan náà á sì ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dà á nù. Ìṣàn ìkẹyìn pátápátá kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán. Iyọ̀ wà nínú omi ẹ̀rọ. Bí omi bá gbẹ lára irin, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ọ̀dà á bo iyọ̀ náà mọ́lẹ̀, iyọ̀ á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra láti abẹ́ ọ̀dà, títí ara ọ̀dà á fi yọ ìléròrò. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù ti omi yẹn gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé iyọ̀ kò lè kọjá, tàbí kí wọ́n gbà á kọjá láàárín hóró résìnnì tó ń gba iyọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ irin nínú ófùn kékeré.

Ìgbà yìí ló tó kan ọ̀dà. Èyí tó wọ́pọ̀ lára irin báyìí ni ọ̀dà lúbúlúbú, tí kò ní tínà nínú rárá. Hóró rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 sí 50 máíkírónì (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan), irun orí sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná mànàmáná tó tó 60,000 sí 100,000 fóltì wà lẹ́nu ìbọn tó ń fọ́n ọn jáde, àmọ́ ìṣàn rẹ̀ kéré gan-an. Lúbúlúbú yìí á gba iná sára. Irin tó kọ́ sórí ẹ̀wọ̀n ní tirẹ̀ so mọ́ ilẹ̀ (ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní “earth”), ó wá ń fa ọ̀dà náà mọ́ra, àní èyí tó ti fẹ́ kọjá lọ á ṣẹ́rí padà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Igun inú àpótí irin ló ń ṣòro: etí igun ti fa gbogbo ọ̀dà mọ́ra kó tó wọlé. Bí ẹni tó mú ìbọn bá fi kún iná, ńṣe ló ń dá kún un. Ó yẹ kó dín iná àti afẹ́fẹ́ kù ni. Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí ni ìkọ́ tí ọ̀dà àtijọ́ ti bò. Irin tó kọ́ sára irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀ mọ́, lúbúlúbú á kàn máa fò kọjá lára rẹ̀ ni.

Èyí tí kò lẹ̀ kì í ṣòfò. Fáànù á fà á wọ inú agolo gíga kan tí afẹ́fẹ́ ti ń yí bí ìjì, hóró ọ̀dà á já sísàlẹ̀, asẹ́ á gba èyí tó kù, wọ́n á sì tún fín in. Fáànù yìí kò gbọ́dọ̀ rọ̀, torí lúbúlúbú tó bá pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ lè bú gbàmù bí iná bá ṣẹ́ sí i.

Yàrá tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà olómi le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ á máa sọ̀ kalẹ̀ láti àjà, á máa rìn ní nǹkan bí ìdajì mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì gba abẹ́ ilẹ̀ jáde. Ní ibi tí wọ́n bá ti ń lo omi, yóò kọjá láàárín omi tó ń dà bí aṣọ ìkélé, kí omi lè gba ọ̀dà tó fò dànù. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ètò yìí. Àwọn ọ̀dà alápòpọ̀ kan ní èròjà isocyanate tó lè dá ikọ́ fée (asthma) sára òṣìṣẹ́. Aṣọ ìbomú lásán kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀; afẹ́fẹ́ tó mọ́ tó ń gba páìpù wá sí ojú òṣìṣẹ́ ló ń gbà á.

Nínú ófùn, lúbúlúbú á yọ́, á tẹ́, á sì le. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí 180 sí 200°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Irin fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó wà nínú ófùn. Irin tó nípọn ń pẹ́ kó tó gbóná, páànù kì í pẹ́. Bí méjèèjì bá jọ wọlé, tí èèyàn sì tẹjú mọ́ nọ́ńbà ara ògiri ófùn nìkan, páànù á jinná, ti irin kejì á kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi àpótí kékeré tí ooru kì í wọ̀ rán wáyà mọ́ ara irin, kó bá a wọ ófùn, kó sì máa kọ bó ṣe ń gbóná sílẹ̀. Kí bọ́nà tó tan, fáànù gbọ́dọ̀ ti fẹ́ afẹ́fẹ́ inú ófùn jáde tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tó gbà, nítorí gáàsì tó bá ṣẹ́ jọ síbẹ̀ lè fọ́ ófùn náà túútúú.

Òórùn tínà tó ń ti ibi ọ̀dà olómi jáde kò yẹ kó lọ sójú ọ̀run bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jó o nínú yàrá tó gbóná tó nǹkan bí 800°C, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó di omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Iná tó ń jẹ kì í pọ̀ tó bí èèyàn ṣe rò, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ sára òkúta amọ̀ tí wọ́n tò jọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á yí ọ̀nà padà, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á wá gba ooru náà. Irú èyí tó dára lè gba tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún ooru náà padà.

Omi ìdọ̀tí ló kù. Síǹkì àti irin ti yòrò sínú rẹ̀, ojú kò rí wọn. Bí wọ́n bá fi sódà tàbí láìmù gbé pH rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe ń ga ni kíkan ń dín) sókè dé nǹkan bí 9, irin wọ̀nyẹn á dì, á di ẹ̀kúrú-ẹ̀kúrú nínú omi. Èròjà mìíràn á so wọ́n pọ̀, wọ́n á rì, omi òkè á sì tòrò. Omi tí chromium oníyẹ́lò wà nínú rẹ̀ kò gba irú ìyára bẹ́ẹ̀: ó lè fa jẹjẹrẹ, sódà nìkan kò sì lè mú un rì. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ omi náà di kíkan, kí pH rẹ̀ wà láàárín 2 sí 3, kí wọ́n tó fi sodium bisulfite sí i. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá kúrò ní yẹ́lò tó di ewéko ni wọ́n tó lè da sódà sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ táǹkì á wọ inú ẹ̀rọ tó ń fi awo àti aṣọ fún un. Nígbà tí wọ́n bá ṣí awo náà, á já lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n á sì kó o sínú àpò lọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ bá ìdọ̀tí mìíràn lọ sí ààtàn.