Ètò ìgbà ooru ní Weeksville Heritage Center

Weeksville Heritage Center jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé àṣà ní agbègbè Brooklyn, ní ìlú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ìtàn Weeksville, àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira tẹ̀dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹgbẹ́ ìtàn àdúgbò ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Láti oṣù Kẹfà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìyẹn ìgbà ooru, Weeksville máa ń kó ọ̀pọ̀ nínú ètò rẹ̀ jáde sínú ọgbà: orin, àjọ̀dún òmìnira, oúnjẹ, iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọdé, àti rírìn yíká àwọn ilé àtijọ́.

Ìgbà ooru yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn bí a ti mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá, nítorí òjò àti àrá máa ń bá ooru Brooklyn rìn lọ́sàn-án. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni gígùn ojúmọmọ. Ní ìparí oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní New York títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, nítorí náà ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣì ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Ìparí oṣù yẹn kan náà ni àwọn ilé ìwé ìjọba ìlú náà máa ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí wọn kì í wọlé títí di oṣù Kẹsàn-án, èyí tó ń mú kí òbí máa wá ibi tí wọ́n lè mú ọmọ lọ láìná owó púpọ̀.

Ìtẹ̀dó àdúgbò náà

Ní 1838, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ New York, James Weeks ra ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ Henry C. Thompson. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nígbà náà ju ọ̀rọ̀ ibùgbé lọ, nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà láti 1821 kò gbà kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú dìbò àfi tí ó bá ní dúkìá tí iye rẹ̀ tó 250 dọ́là. Ẹni tó ra ilẹ̀ ń ra ẹ̀tọ́ ìbò mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1850, àwọn tó ń gbé Weeksville ti lé ní 500. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé tiwọn, wọ́n sì dá ilé àwọn arúgbó sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Keje 1863, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Manhattan nítorí òfin tó ń fi tipátipá kó ọkùnrin wọṣẹ́ ológun. Àwọn jàǹdùkú dojú ìjà kọ àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n sì dáná sun ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sá àsálà kọjá odò wá sí Brooklyn, Weeksville sì wà lára ibi tó gbà wọ́n.

Àdúgbò náà kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́nà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ àlejò. Ẹgbẹ́ African Civilization Society, tí Henry Highland Garnet, àlùfáà aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1858, ní in lọ́kàn pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ tẹ̀dó sí Áfíríkà, kí wọ́n máa gbin òwú tí yóò figagbága pẹ̀lú òwú oko ẹrú. Láàárín àsìkò kan náà, Martin Delany, dókítà aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, àti Robert Campbell, olùkọ́ ọmọ Jamaica, rìnrìn àjò dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Aláké Òkúkẹnù àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 1859, pé kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wá gbé láàárín wọn. Ìtẹ̀dó náà kò ṣeé ṣe. Campbell padà wá gbé ní Èkó, níbi tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Anglo-African láti 1863, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ní tirẹ̀ fi Weeksville ṣe ibùjókòó, tó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tó sì tẹ ìwé ìròyìn Freedman's Torchlight jáde níbẹ̀ ní 1866.

Bí wọ́n ṣe tún un rí

Bí Brooklyn ṣe ń gbòòrò, tí wọ́n ń la títì tuntun tó tọ́ gbọnrangandan, orúkọ Weeksville parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní 1968, James Hurley, òpìtàn tó ń darí ẹ̀kọ́ lórí àwọn àdúgbò Brooklyn, bá Joseph Haynes wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, wọ́n sì fò kọjá lórí agbègbè náà. Nítòsí títì Bergen, wọ́n rí àwọn ilé onípákó mẹ́rin tí kò bá ìlà títì mu, tí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí àwọn ilé yòókù. Ojú ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hunterfly Road ni wọ́n dojú kọ, ọ̀nà tó ti wà kí wọ́n tó la títì Bergen. Ìdúró wọn yìí gan-an ló tú àṣírí ọjọ́ orí wọn.

Àwọn ará àdúgbò àti àwọn ọ̀dọ́ bá àwọn awalẹ̀pìtàn walẹ̀. Lára ohun tí wọ́n hú jáde ni fọ́tò obìnrin aláwọ̀ dúdú kan lórí páànù irin pẹlẹbẹ, irú fọ́tò tí wọ́n ń yà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Weeksville Lady ni wọ́n ń pè é, ojú rẹ̀ sì ti di àmì àdúgbò náà. Àwọn ọmọ ilé ìwé P.S. 243 tó wà nítòsí dá owó, wọ́n sì lọ rojọ́ níwájú àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n má wó àwọn ilé náà. Ní 1970, ìlú New York kéde wọn gẹ́gẹ́ bí ibi ìtàn tí òfin dáàbò bò. Joan Maynard, ayàwòrán tó di olùdarí ẹgbẹ́ ìtàn àdúgbò náà, bójú tó iṣẹ́ ọ̀hún títí di 1999. Ó tọ́ kí a sọ pé ọwọ́ àwọn ọmọdé wà nínú ìpìlẹ̀ ibi yìí, torí náà kì í ṣe àfikún lásán pé ètò tiwọn ṣì ń wáyé níbẹ̀.

Ètò ìgbà ooru

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ètò náà ni Garden Party, orin ìta gbangba tó máa ń wáyé ní àwọn ọjọ́ Sátidé ìgbà ooru láìgba owó ìwọlé. Pápá koríko ló wà láàárín àwọn ilé àtijọ́ àti ilé tuntun tí iléeṣẹ́ Caples Jefferson yàwòrán rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń tẹ́ aṣọ sí tàbí kí wọ́n gbé àga kalẹ̀, tí àwọn eléré jazz, soul àti orin Áfíríkà yóò máa ṣeré fún wọn. Ní àwọn ọdún kan, ọjà àwọn àgbẹ̀ máa ń wáyé nínú ọgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń ta ewébẹ̀ àti èso.

Àwọn ilé náà kò lè gba ọ̀pọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí yàrá wọn kéré. Díẹ̀díẹ̀ ni atọ́nà fi ń mú àlejò wọlé. Wọ́n to ẹrù sínú wọn láti fi ìgbé ayé ìdílé hàn ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: nǹkan bí àwọn ọdún 1860, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àti àwọn ọdún 1930. Ẹni tó bá ti inú ilé kan bọ́ sí èkejì ń rí bí ohun èlò ìdáná àti ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà, lójú títì kan náà.

Juneteenth, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, tún jẹ́ ọjọ́ pàtàkì. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń rántí bí ọ̀gágun Gordon Granger ṣe kéde òmìnira àwọn ẹrú ní Galveston, ní Texas, ní 1865. Ó sì di ọjọ́ ìsinmi ìjọba àpapọ̀ ní 2021. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ Black-Owned Brooklyn ti ń ṣe àjọ̀dún oúnjẹ Juneteenth nínú ọgbà náà, níbi tí àwọn alásè aláwọ̀ dúdú ti ń pàtẹ oúnjẹ. Àwọn aláwọ̀ dúdú New York kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ìgbà ooru ṣàjọyọ̀ òmìnira. Kí ogun abẹ́lé tó dé, ọjọ́ 5 oṣù Keje ni wọ́n fi ń rántí òpin oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ wọn, wọ́n sì ń fi ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ yọ̀ fún òmìnira àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù Karibéánì tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Owó ìṣiṣẹ́

Ètò ọ̀fẹ́ kì í ṣe èyí tí kò náni lówó. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Weeksville kéde pé owó fẹ́ tán lọ́wọ́ òun, ó sì bẹ àwọn ènìyàn fún 200,000 dọ́là kí ó lè máa ṣílẹ̀kùn nígbà ooru ọdún náà. Ọrẹ tó wọlé ju iye tí ó béèrè lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìlú New York fi gbà á mọ́ àwọn ilé àṣà tó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀, tí ìlú ń san lára owó iṣẹ́ àti owó iná wọn; nígbà náà, ó ti lé ní ogún ọdún tí ìlú náà ti fi irú ilé bẹ́ẹ̀ kún wọn gbẹ̀yìn.