Hudson Line

Hudson Line ni ọ̀nà rélùwéè tí ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ àti èrò mìíràn láàárín Grand Central ní ìlú New York àti Poughkeepsie, lápá ìlà-oòrùn odò Hudson. Ó gùn tó máìlì 74. Metro-North, iléeṣẹ́ rélùwéè àwọn ará agbègbè New York, ló ń bójú tó o.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù lórí Hudson tẹ́lẹ̀. Bí òtútù bá dé, odò a dì, kárà-kátà a sì dúró. Àwọn oníṣòwò Poughkeepsie wà lára àwọn tó jà fún rélùwéè, wọ́n sì rí ìwé àṣẹ gbà ní 1846. Ẹnjiníà àgbà wọn, John B. Jervis, tó ti ṣe ọ̀nà Croton tó gbé omi mímu dé ìlú New York, yan etí omi gan-an, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì kò sì ní máa gun òkè. Wọ́n fọ́ àpáta, wọ́n lu ihò sínú òkè, wọ́n sì fi òkúta ṣe ebè la ẹnu àwọn kọ̀rọ̀ odò kọjá. Ẹrẹ̀ wá ń jókòó sẹ́yìn ebè náà, débi pé kọ̀rọ̀ mìíràn, bíi ti Tivoli lápá òkè, ti di àbàtà. Ọkọ̀ dé Poughkeepsie ní ìparí 1849, ó sì dé òdìkejì Albany ní 1851. Oníṣòwò ọlọ́rọ̀ Cornelius Vanderbilt gba iléeṣẹ́ tó ni rélùwéè náà ní 1864, ó sì pa á pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ rélùwéè New York Central ní 1869.

Irin kẹta

Ní oṣù kìíní 1902, ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn nínú ihò Park Avenue ní Manhattan, níbi tí èéfín ti bo iná àmì. Èèyàn 15 kú. Òfin fi òpin sí ẹ́ńjìnnì eléèéfín níbẹ̀ láti 1908, iná mànàmáná sì rọ́pò rẹ̀. Irin kẹta, ìyẹn irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí ọkọ̀ ń gùn, ló ń gbé iná náà wá. Lọ́pọ̀ ibòmíràn, orí irin kẹta ni bàtà irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ń họ lé kó lè fa iná. Àwọn ẹnjiníà William Wilgus àti Frank Sprague yí i padà: wọ́n gbé irin náà kọ́, wọ́n fi igi bo òkè rẹ̀, bàtà sì ń kàn án láti ìsàlẹ̀. Yìnyín tó bá já bọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ sì ní ààbò díẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Irin náà dé ibùdókọ̀ Harmon ní 1913, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Lónìí, ẹ́ńjìnnì tó lè lo epo dísẹ́ẹ̀lì tàbí iná mànàmáná ló ń ré kọjá ibẹ̀ láìdúró pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà

Iléeṣẹ́ Penn Central, tó jogún ọ̀nà náà ní 1968, wọ gbèsè ní 1970. Metro-North gbà á ní 1983. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2013, ọkọ̀ kan tó ń sá eré máìlì 82 ní wákàtí kan yà kúrò lójú irin ní igun Spuyten Duyvil ní Bronx, níbi tí 30 ti jẹ́ òpin eré. Èèyàn 4 kú. Wọ́n ti tún ètò àmì ibẹ̀ ṣe kó lè máa fi tipátipá dín eré ọkọ̀ kù. Ìjì Sandy ti 2012 ti gbé omi oníyọ̀ bo irin kẹta àti àwọn ẹ̀rọ àmì, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n máa gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ga sókè létí odò láti ìgbà náà.