Ààfin Neuschwanstein: Ẹsẹ̀ Yín Ló Ń Ya Fọ́tò

Ẹni tó bá ti rí ààfin funfun kan tó jókòó sórí òkè láàrin igbó, ìbáà jẹ́ lára kàlẹ́ńdà tàbí lórí fóònù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé Neuschwanstein ló rí. Gúúsù Jámánì ló wà, ní ìpínlẹ̀ Bavaria, nítòsí ìlú Füssen, níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti tán tí àwọn òkè Alps ti bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú àpẹẹrẹ ààfin tó wà nínú ọgbà Disneyland tí wọ́n ṣí ní California lọ́dún 1955. Ní oṣù Keje ọdún 2025, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn ilé mẹ́ta mìíràn tí Ọba Ludwig Kejì ti Bavaria kọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń lọ wò ó lọ́dọọdún, fọ́tò kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé bọ̀ wálé.

Bí àwọn tó mọ̀ pé fọ́tò ni mò ń yà jẹun bá ń múra àtilọ síbẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà wo ni kí n rà?” Èsì mi kì í yàtọ̀: ẹ fowó yẹn ra bàtà gidi. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó ilé náà í yà. Ààfin ò ní kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, oòrùn ò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin nìkan lẹ lè rìn. Ibi tí ẹ bá dúró sí, àti àkókò tí ẹ débẹ̀, ni fọ́tò yín máa fi dùn wò tàbí kó fi ṣá. Lẹ́ǹsì olówó gọbọi kàn ń tì yín lẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ilé náà kọjú sí. Ó nà gbọọrọ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Ẹnu géètì tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́ wà lápá ìlà oòrùn, ilé gíga tí yàrá ọba wà nínú rẹ̀ wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Afárá Marienbrücke tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ wà ní gúúsù rẹ̀, pápá àwọn àgbẹ̀ Schwangau sì tẹ́ rẹrẹ ní àríwá. Nílé níbí, lọ́sàn-án gangan, oòrùn á dé àtàrí, òjìji á bo ẹyinjú èèyàn, ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ya fọ́tò fi máa ń sá fún ọ̀sán. Ní Bavaria, oòrùn kì í dé àtàrí láéláé. Apá gúúsù ló ń gbà kọjá, nínú oṣù Kejìlá kì í tiẹ̀ ga ju nǹkan bíi dígírì 19 lọ lọ́sàn-án. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró lórí afárá, ẹ̀yìn ni oòrùn wà sí i, ara ààfin tó kọjú sí i yóò sì mọ́ kedere. Òkè Tegelberg wà lápá ìlà oòrùn, ó sì máa ń jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ pẹ́ kó tó dé ara ilé náà. Lẹ́yìn ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ òsì wá, á máa fi òjìji tín-tìn-tín ya etí fèrèsé àti òpó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan wákàtí, ìgbà yẹn ni kí ẹ yàn.

Tí ẹ bá bọ́ sísàlẹ̀ sí pápá, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Gúúsù lẹ kọjú sí báyìí, oòrùn sì wà lójú yín. Ààfin á dúdú, ojú ọ̀run á funfun bò ó, ẹ ó sì rò pé fóònù ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́ nínú oṣù Kẹfà tàbí Keje, nígbà tí oòrùn máa ń wọ̀ lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ̀ á wá kan apá àríwá ilé náà tó ti wà nínú òjìji látàárọ̀.

Afárá yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Bàbá Ludwig ló kọ́kọ́ fi igi kọ́ ọ, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ Marie pè é. Ludwig fi irin rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1866, ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó fi òkúta ìpìlẹ̀ ààfin lélẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ibi ìwòran ti wà nílẹ̀ kí ohun tí wọ́n máa wò tó wà. Ẹni tó sì ya àwòrán ilé náà jáde, Christian Jank, ayàwòrán orí ìtàgé ni. Èmi ò lè wo àwọn ògiri yẹn kí n má rántí ìtàgé, nítorí wọ́n ní ojú tí wọ́n ń kọ sí èèyàn.

Omi Pöllat ń ṣàn nínú ọ̀gbun lábẹ́ afárá náà, nǹkan bíi 90 mítà sí ẹsẹ̀ yín, pákó sì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Bí èrò bá ń kọjá, ó máa ń mì. Àwọn kan máa ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé wá síbẹ̀ pé àwọn fẹ́ kí fọ́tò dúró ṣinṣin. Pákó tí ẹ gbé e lé ló ń jó, kí wá ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fẹ́ ṣe? Ó tún ń dí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí kó sì pa dé kíákíá, ìdá kan nínú ìdá 250 ìṣẹ́jú àáyá kan (1/250) tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi okùn fóònù kọ́ ọwọ́. Èyí tó bá já bọ́ níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹnu afárá ni èrò máa ń dí mọ́, torí pé gbogbo ẹni tó bá ti rí ààfin fìrí ló máa ń dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ rọra kọjá dé òdìkejì, ibẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀. Ẹ má lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀ jù lọ lórí fóònù, ààfin á kéré dànù. Lẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀ ló bá ibẹ̀ mu. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì fún afárá, ẹ lè dé ibẹ̀ kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó kó èrò dé.

Ohun tó ń ba fọ́tò Neuschwanstein jẹ́ jù ni àwọ̀ rẹ̀. Òkúta ẹfun tó funfun ni wọ́n fi bo ara bíríkì rẹ̀, igbó tó sì yí i ká dúdú. Àwọn tó ń ya ìgbéyàwó mọ ìyà yìí: ìyàwó wọ aṣọ funfun, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ wọ kóòtù dúdú, kámẹ́rà á wò yíká, á rí dúdú tó pọ̀, á ní ibẹ̀ ṣókùnkùn, á wá tan ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo rẹ̀ títí iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ìyàwó á fi pòórá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ààfin yìí. Igbó á dára, ògiri á wá funfun gbòò láìní fèrèsé. Funfun tó bá ti pòórá báyẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà nílé. Lórí fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ ara ògiri gan-an títí àmì ìmọ́lẹ̀ á fi jáde, kí ẹ wá fà á wálẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìlà àárín òkúta. Igbó á dúdú, ẹ jẹ́ kó dúdú. Ti kámẹ́rà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìwọ̀n kan (−1 lórí kámẹ́rà) tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi fọ́tò náà pamọ́ bíi RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, bó bá lè ṣe é. Nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo òkè, òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Kámẹ́rà á rí funfun níbi gbogbo, á dín in kù, yìnyín á wá dà bí eérú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní ìwọ̀n kan (+1).

Kí wá ni ká ṣe nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ wà nínú fọ́tò? Awọ ara wa dúdú, ilé funfun, fóònù ò sì lè sin olúwa méjì. Tó bá tẹ̀ lé ilé, ojú yín á ṣókùnkùn, tó bá tẹ̀ lé ojú yín, ilé á pòórá. Orí afárá lọ̀rọ̀ yìí ti rọrùn jù, torí pé ẹni tó bá kẹ́yìn sí ààfin tó kọjú sí kámẹ́rà, oòrùn ló kọjú sí yẹn. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń ba òun àti ilé. Kó bọ́ fìlà tó ní etí, tàbí kí ìyá wa ti gèlè sẹ́yìn díẹ̀, kí òjìji má bo iwájú orí. Ní pápá, ẹ̀yìn ni oòrùn ti ń bà yín. Ẹ tan fláàṣì sí ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan, tàbí kí ẹ dúró de ìrọ̀lẹ́. Ní ti aṣọ, ànkárá pupa tàbí ti olómi ọsàn máa ń yọ lára igbó yẹn ju aṣọ funfun lọ.

Tí ẹ bá ti ya ti afárá, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ ní agbègbè náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré St. Coloman, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe tí lẹ́ǹsì ò lè dá ṣe. Ẹ dúró nítòsí ẹsẹ̀ òkè, ẹ gbójú sókè: ààfin ga, ó sì bo òkè ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá rìn sẹ́yìn, sẹ́yìn, bíi kìlómítà méjì, kí ẹ fa ààfin súnmọ́ tòsí pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn. Ìwọ̀n ààfin nínú fọ́tò á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, ṣùgbọ́n ògiri àpáta ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dìde dúró, á ga bò ó. Fífà súnmọ́ kọ́ ló ṣe é. Bí ẹ ṣe jìnnà sí i ló ṣe é. Ẹni tó bá dúró lójú kan tó kàn ń fa lẹ́ǹsì wọlé, tó ń tì í jáde, ohun kan náà ló ń gé sí kékeré àti ńlá.

Ẹni tó bá lágbára lórúnkún lè wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ sórí Tegelberg, kó wá fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí dé Marienbrücke, nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Lójú ọ̀nà yẹn lẹ ó ti rí ààfin láti òkè, pẹ̀lú adágún omi àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àpáta àti gbòǹgbò igi wà lọ́nà, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wọ sálúbàtà lọ. Fún àwọn àgbà àti ọmọdé, ọ̀nà tó yí adágún Alpsee ká dára jù, bíi kìlómítà márùn-ún ni. Lẹ́bàá omi yìí ni ààfin aláwọ̀ ìyeyè Hohenschwangau wà, níbi tí Ludwig ti dàgbà. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí tó ń fi awò amúhun-tó-jìnnà-súnmọ́ ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ya Neuschwanstein láti àgbàlá ibẹ̀. Tí ẹ bá lọ ní oṣù Kẹwàá, ewé á ti pọ́n, kùrukùru á sì bo àfonífojì láàárọ̀. Àsìkò tí mo máa ń ní kí wọ́n lọ nìyẹn bí wọ́n bá bi mí.

Ẹ ṣọ́ra o. Ní òdìkejì afárá, àwọn èèyàn máa ń fo ọgbà kọjá láti wá ibi gíga tí èrò ò sí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibẹ̀, ewé tútù bo ilẹ̀, ọ̀gbun wà nísàlẹ̀. Ẹ má bá wọn lọ. Tí yìnyín bá wà, wọ́n máa ń ti afárá pa, ọ̀nà inú ọ̀gbun Pöllat náà kì í ṣí nígbà gbogbo nítorí òkúta tó ń já bọ́. Ẹ wo ìkéde ààfin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin láti Munich, torí ó tó wákàtí méjì dé Füssen, kí ẹ tún tó wọ bọ́ọ̀sì.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò tàbí fídíò nínú ààfin, dróònù náà sì jẹ́ èèwọ̀ lágbègbè rẹ̀. Fọ́tò ìta tí ẹ yà fún ara yín, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí oníbàárà fẹ́ gbé lọ ya fọ́tò ṣáájú ìgbéyàwó níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé nìyẹn. Ẹ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba Bavaria tó ń bójú tó àwọn ààfin kí ẹ tó gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó.