Ẹ̀sìn ni àbí àṣà? Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀sìn

Ní ìpàdé ìlú ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, yálà ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú, bí ọ̀rọ̀ owó ọdún egúngún bá délẹ̀, ẹnìkan lè dìde pé, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀sìn mi kò gbà á." Àgbà kan á dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn." Ohùn á wá ga. Ìtumọ̀ tí oníkálukú fún ẹ̀sìn ló yàtọ̀ síra, àwọn onímọ̀ pàápàá kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ìtumọ̀ kìíní wo ohun tí ènìyàn gbà gbọ́. Edward Tylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ ní ṣókí ní 1871: ẹ̀sìn ni ìgbàgbọ́ nínú àwọn ẹ̀mí. Ibi tí Ọlọ́run, áńgẹ́lì, àlùjọ̀nnú, òrìṣà tàbí ará ọ̀run bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀sìn ni. Ó rọrùn láti lò, àmọ́ inú ọkàn ènìyàn ló ń wò. Bí atọ́kùn bá gbà pé baba tó ti kú ló ti ọ̀run dé, ẹ̀sìn ló ń ṣe. Bí ọmọkùnrin tó ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀ bá kàn fẹ́ràn ijó, tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ agbo kan náà ni wọ́n wà.

Ìtumọ̀ kejì wo iṣẹ́ tí ẹ̀sìn ń ṣe láàárín àwọn ènìyàn, òun ló sì yẹ ká fara balẹ̀ sí. Émile Durkheim, ọmọ rábì àwọn Júù ní ilẹ̀ Faransé, tí òun fúnra rẹ̀ kò tẹ̀lé ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ mọ́, ló là á sílẹ̀ ní 1912. Ó ní gbogbo ẹ̀sìn ló ya àwọn nǹkan kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun mímọ́, tí ìgbàgbọ́ àti ìṣe tó rọ̀ mọ́ wọn sì ń sọ àwọn tó ń ṣe é di ọ̀kan. Ìròyìn tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ló gbára lé. Kò débẹ̀ rí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ wa mu. Ẹ wo aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú ní ilẹ̀ Okun fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn èèkàn ìlú, tí wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀wù egúngún. Kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ síta, ará ilé mọ̀ pé ẹni ńlá ló lọ, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí inú ẹbí á sì péjọ. Lójú Durkheim, ìpéjọ yìí gan-an ni ọkàn ẹ̀sìn, ohun yòówù kí oníkálukú wọn gbà gbọ́. Àléébù ìtumọ̀ yìí ni pé ó fẹ̀ jù: àsíá orílẹ̀-èdè náà lè di ẹ̀sìn.

Karl Marx ará Jámánì náà wo iṣẹ́ tí ẹ̀sìn ń ṣe, ṣùgbọ́n ìrora ló rí. Ní 1844 ó fi í wé òpíọ̀mù, oògùn tí wọ́n fi ń pa ìrora nígbà náà. Àwọn tó ń fi gbólóhùn yẹn bú ẹlẹ́sìn máa ń gbójú fo èyí tó ṣáájú rẹ̀, níbi tó ti ní ẹ̀sìn ni ìmí ẹ̀dùn ẹni tí wọ́n ń ni lára.

Mo ní ẹjọ́ kan bá àwọn tó ń wo iṣẹ́ nìkan rò. Tommie Titcombe, míṣọ́nárì láti Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Okun ní 1908. Lónìí, ilé ìwòsàn ECWA, ìjọ tó ti inú iṣẹ́ irú àwọn míṣọ́nárì bẹ́ẹ̀ jáde, wà nínú ìlú náà. Onímọ̀ lè ka ilé ìwòsàn yẹn sí iṣẹ́ ẹ̀sìn, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀ kò gbàdúrà kí ìlú lè wà níṣọ̀kan. Ó gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ ni. Àlàyé tí kò bá ní àyè fún ìyá yẹn kò tíì ṣàlàyé ẹ̀sìn fún mi.

Ọ̀rọ̀ náà kan òfin pẹ̀lú. Abala 10 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀sìn dà. Àmọ́ òfin náà kò sọ ohun tí ẹ̀sìn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí "àṣà ni" fi wúwo lẹ́nu àgbà: bí ó bá jẹ́ àṣà, wọ́n á ní àwọn lè bu owó rẹ̀ lé gbogbo ilé, bí ó bá jẹ́ ẹ̀sìn, ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀.

Ohun tí mo lòdì sí ni kí a máa pààrọ̀ ìtumọ̀ bó bá ṣe rọ̀ wá lọ́rùn. Àgbà tó ní àṣà lásán ni nígbà tó ń gbowó, tó wá ní ohun mímọ́ ni, obìnrin kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nígbà tí ọdún dé, ìtumọ̀ méjì ló lò. Pásítọ̀ tó pe egúngún ní ẹ̀sìn òkùnkùn, tó sì ní gbogbo ìlú ló ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì òun, méjì lòun náà lò. Ní tèmi, ibi tí ohun mímọ́ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀sìn ni, kí ẹni tó bá fẹ́ sì máa dá owó rẹ̀. Kí ẹni tó bá kọ̀ san tirẹ̀ sí ọ̀nà tàbí kànga ìlú, tí gbogbo wa jọ ń lò.